Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ọkọ̀ Wa àti Ohun Tí Kò Yẹ Kó Sùn Síbẹ̀

Bí ìrun Jímọ̀ bá parí ní mọ́sálásí ńlá Èkó tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo bí àwọn ará wa ṣe ń padà sínú ọkọ̀. Ìyá àgbà kan fẹ́ wọlé sẹ́yìn, kò rí ibi jókòó. Àpò aṣọ ẹbí tí wọ́n rà ní Balógun lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí ìjókòó, bàtà iléèwé ọmọ wà níbẹ̀, ìgò omi òfìfo mẹ́ta wà nílẹ̀. Wọ́n á kó díẹ̀ sí búùtù, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ìyókù sábẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ á gbéra. Ìgò tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tì yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Carter, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì, ìgò yóò yí wá síwájú, ó sì lè há sábẹ́ bíréèkì gan-an. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti rí i rí, nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ràmàdáànì tí gbogbo wa ń sáré lọ ṣínu. Gósílòó tí a máa ń bú ló yọ wá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka títún inú ọkọ̀ ṣe sí iṣẹ́ ẹni tó ráyè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti di yàrá kan nínú ilé. Ilé wa há. Láti Ìdúmàgbò títí dé Òkè Pópó, ilé tó ní ọgbà tí ọkọ̀ lè wọ̀ kò pọ̀, etí títì ni ọkọ̀ ń sùn. A ń kó ẹrù ọjà sínú rẹ̀, a ń jẹun nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá sí apá Yábàá tàbí Múṣin gbọ́dọ̀ gun ọ̀kan nínú afárá mẹ́ta: Carter tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1901, Afárá Èkó, tàbí Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn ju kìlómítà 10 lọ. Ọkọ̀ tó bá kú sórí afárá kò rí ibi yà sí. Mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀, fọganáísà kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé dání láti ilé nìkan ni ẹ ó rí lò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀

Níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, máàtì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà nílẹ̀. Mo ní kan ṣoṣo nítorí àwọn tó ń tẹ́ ti rọ́bà lé ti kápẹ́ẹ̀tì lórí. Èyí tó wà lókè á máa yọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dí bíréèkì lọ́wọ́ tàbí kó tẹ ibi ìsáré mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wò ó bóyá ìkọ́ tó di máàtì mú mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà. Bí awakọ̀ bá bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ẹ̀yìn ni kó jù ú sí, kó má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ tún na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó awakọ̀ lónìí. Ẹ ó rí owó, ìdérí ìgò, ìlẹ̀kẹ̀, èso dàbínù tó ti gbẹ, àti nǹkan ìṣeré ọmọ tí ẹ ti wá tì láti ọdún Iléyá. Ohunkóhun tó bá lè yí ni kí ẹ kó kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo pẹpẹ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé agboòrùn, ìwé, àpótí tíṣù àti kẹ́tù sí. Bí ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, ẹrù tí a kò so mọ́lẹ̀ lè fò síwájú pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 30 ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 ṣírò rẹ̀. Kìló mẹ́rin àbọ̀ ni, àmọ́ nígbà yẹn yóò bá orí ẹni tó wà níwájú bí ẹni pé ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ ló já lù ú. Ìdí nìyí tí ẹrù wúwo fi gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù, nísàlẹ̀, kó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó, kí èyí tó fúyẹ́ wà lórí rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ náà wà nínú ìṣirò yìí. Kò sí apá ìyá tó lágbára tó láti di ọmọ kìló 10 mú nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ̀yìn ni kí ọmọdé jókòó sí, kí ó ní ìjókòó tirẹ̀ tàbí kí ó de bẹ́líìtì. A mọ̀ pé ní ọjọ́ ìnáwó, ènìyàn mẹ́jọ ló ń wọ ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tó bá ṣẹ́ kù wọ kọ́rópù.

Ọ̀rá ìdọ̀tí àti baàfù rọ́bà

Ìmọ́tótó fúnra rẹ̀ kò gba agbára púpọ̀. Ẹ so ọ̀rá kan mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, kí gbogbo ìdọ̀tí máa wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì máa dà á nù lálaalẹ́. Oúnjẹ tó bá sùn nínú ọkọ̀ ń pe eku, eku tó bá sì ti wọlé kì í dúró lórí búrẹ́dì, á bọ́ sórí wáyà. Ẹni tí rẹ́wáyà ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eku mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ má ju ìdọ̀tí gba ojú fèrèsé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike fóòmù funfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní January 2024, wọ́n sì fi àwọn ike àlòsọnù míràn kún un láti July 2025. Ẹni tó bá ti wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi ní Adéníji Adélé lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo kò tún nílò kí a ṣàlàyé ibi tí ọ̀rá àti ìgò ń lọ bí a bá ti jù ú sí títì.

Ní ti ẹrù ọjà, ẹ fi baàfù rọ́bà kan sínú búùtù, kó má kúrò níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹja, ẹran àti tòmátì tí ẹ bá rà ní Èbúté Èrò yóò máa wọ̀. Omi ẹja tó bá ti kán sínú kápẹ́ẹ̀tì búùtù kò ní tán níbẹ̀ títí oṣù mẹ́ta, lọ́fínńdà tí ẹ bá sì fín sí i yóò kàn sọ òórùn kan di méjì ni. Bákan náà, bí omi òjò bá wọ inú ọkọ̀, ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Ẹ ká máàtì àti kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ sá wọn sóòrùn, ẹ jẹ́ kí kànrìnkàn tó wà lábẹ́ wọn gbẹ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni èéhù ń hù sí, èéhù yìí sì ń yọ ẹni tó ní ikọ́ fée lẹ́nu.

Bí ọmọ bá tọ̀ sórí ìjókòó, ẹ má fi tíṣù nù ún kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Ẹ da omi mímọ́ lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ fà á, ẹ tún da omi, ẹ tún fà á. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù ń lọ kírun, ẹ má sọ ọ́ sínú iyèméjì. Aṣọ ìnulẹ̀ méjì nínú búùtù ti tó fún gbogbo èyí, ọ̀kan fún inú ọkọ̀, ọ̀kan fún gíláàsì, kí ẹ má ṣe lo ọ̀kan fún méjèèjì.

Ohun tí òfin ní kó wà níbẹ̀

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń béèrè àwọn nǹkan kan lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀: táyà ìpààrọ̀ tí a ń pè ní sípíà, jáàkì, sípánà wíìlì, sí-kọ́ṣọ̀n, agolo ìpaná, àti àpótí ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Ìṣòro wa ni pé ojú ẹ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ra àwọn nǹkan wọ̀nyí fún. A ní wọn, àmọ́ wọn kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú agolo ìpaná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ gbogbo ẹrù búùtù ló wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Iná ọkọ̀ kò ní dúró kí ẹ tú ẹrù. Iwájú ló yẹ kó wà, kí a dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ lè tó láìsọ̀ kalẹ̀, kó sì le dáadáa kí òun náà má di ohun tó ń yí. Ẹ wo aago kékeré tó wà lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá wà lórí àwọ̀ ewé, agbára wà nínú rẹ̀. Bó bá wà lórí pupa, agolo lásán lẹ gbé rìn. Ìyẹ̀fun ló wà nínú èyí tí a ń lò nínú ọkọ̀, ó sì máa ń ṣù pọ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ máa dojú rẹ̀ dé kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ ìlò, ẹ fa pín-ìnnì rẹ̀ yọ, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, kì í ṣe sí ọwọ́ iná tó ń fò lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sì máa fì í láti ọ̀tún sí òsì. Agolo kìló kan yóò tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí èéfín bá ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí i gbayawu, atẹ́gùn tó bá wọlé yóò mú kí iná ràn sí i. Ẹ ṣí i díẹ̀ kí ẹ gba àlàfo yẹn fín in.

Agolo yìí wà fún iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tiyín. Ní ọjọ́ 28 oṣù June ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kó ọmọ, kí ẹ sá. Nítorí èyí náà ni kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi gbọ́dọ̀ ṣí wẹ́rẹ́ láti inú. Ọkọ̀ tí ẹrù dí ilẹ̀kùn kan pa nínú rẹ̀ ti sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà di ẹlẹ́wọ̀n.

Táyà ìpààrọ̀ náà ń darúgbó bí kò tiẹ̀ rìn rárá. Lára táyà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà DOT, tí nọ́ńbà mẹ́rin parí ìlà rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ọ̀pọ̀ sípíà tó wà nínú búùtù wa dàgbà ju àbíkẹ́yìn ilé lọ. Ẹ tún jẹ́ kí fọganáísà máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń wọn ti mẹ́rin yòókù, nítorí sípíà tí kò ní afẹ́fẹ́ kò ran ẹni tó wà lórí Third Mainland ní agogo mẹ́wàá alẹ́ lọ́wọ́.

Sí-kọ́ṣọ̀n kò gbọdọ̀ wà lórí búùtù ọkọ̀ tó kú. Ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn, ó kéré tán ìgbésẹ̀ 50 níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná fóònù, torí fóònù yẹn kan náà ni ẹ ó fi pe ènìyàn. Wáyà tí a fi ń gba iná bátìrì lọ́wọ́ ọkọ̀ míràn kò sí nínú òfin, àmọ́ ẹ ra ọ̀kan.

Nínú àpótí ìtọ́jú, ẹ kó báńdéèjì, òwú, pílásítà, sísọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì àti oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ojú egbò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń tú jáde, aṣọ mímọ́ ni kí a fi tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí láìgbọ́wọ́ kúrò, kí a máa gbé ẹni náà lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sí ara ìdérí àpótí náà, kí ọmọ tó bá lè kàwé lè pè wọ́n: 767 tàbí 112 fún pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó, 122 fún àjọ FRSC.

Ẹrù ìrun

Ẹni tó bá ń kúrò ní Ìdúmọ̀tà lẹ́yìn Alásárì mọ̀ pé Mọ̀gàríbì lè bá òun lójú ọ̀nà. Ohun tí ó nílò kò pọ̀: ẹní ìkírun kan tó ṣeé ká, tí a tọ́jú sínú ọ̀rá mímọ́ kí ẹrù ọjà má bàa kàn án; híjáàbù tàbí ìborùn kan fún àwọn obìnrin; àti omi.

Omi yìí ni a máa ń ṣe àṣejù lórí rẹ̀. Àwọn kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 10 sínú ọkọ̀ nítorí àlùwàlá. Ó wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé múdù kan ni Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi máa ń ṣe àlùwàlá, múdù kan kò sì ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin kan lè bù lẹ́ẹ̀kan lọ. Ní òṣùwọ̀n òde òní, ó wà láàárín ìlàjì lítà àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Ìgò omi 75cl kan ti tó fún ènìyàn kan. Fún ìdílé ènìyàn mẹ́rin, kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tó ní ìdérí tó le àti kẹ́tù rọ́bà kan, èyí tí a ń pè ní bútà, ti pé. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ igun búùtù, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún, kí awakọ̀ má sì dà á sínú rédíétọ̀. Rédíétọ̀ ní omi tirẹ̀, ẹ má sì ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná.

Láti Èkó, ìlà oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá ni Kíbúlà wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù wá a, kó sọ̀ kalẹ̀ kó sì rìn sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́bàá ọkọ̀, nítorí irin ara ọkọ̀ máa ń ṣi atọ́ka fóònù lọ́nà. Ẹ dákun, ẹ má tẹ́ ẹní sí etí afárá. Mo ti rí i, ó sì bà mí lẹ́rù. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó láàbò. Bí àkókò bá fẹ́ẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn àáfáà àdúgbò yín ni kí ẹ bi ní ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò tí gósílòó há mọ́ ṣe, kí ẹ ti bi wọ́n kí ọjọ́ náà tó dé.

Nínú oṣù Ràmàdáànì, dàbínù ni ẹrù ìṣínu tó dára jù lọ nínú ọkọ̀. Ooru kì í bà á jẹ́ kíákíá, kò ní omi tó ń kán, ọwọ́ kan ṣoṣo la fi ń mú un. Ike kékeré tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ sì fi ọ̀rá kékeré kan tì í fún kóró rẹ̀. Wàrà, kunú àti àkàrà kò yẹ kó wọ inú ọkọ̀ àárọ̀ nítorí ìṣínu ìrọ̀lẹ́.

Nípa Al-Kùránì tí a máa ń gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù: ohun tó ń sún wa ṣe é dára, àmọ́ ibẹ̀ kò bá a mu. Oòrùn ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó di ìwé náà mú, ewé rẹ̀ ń já, àti pé bí a bá tẹ bíréèkì líle, ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ gbé e sínú píjínhóòlù, kí a má sì gbé nǹkan mìíràn lé e lórí. Tẹ̀sùbáà tó ń rọ̀ lára dígí àárín náà, ẹ mú un kúrò. Ó ń fì síwá sẹ́yìn lójú awakọ̀, ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ọmọdé lè já wọ títì nígbàkígbà, ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú fi tẹ̀lé e ti pọ̀ jù. Ẹ ka àdúà ìrìn-àjò kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ sì pààrọ̀ páàdì bíréèkì nígbà tó bá yẹ.

Ohun tí ooru ń sọ di ewu

Ní 2005, àwọn dókítà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọkọ̀ tí a pa sójú oòrùn. Láàárín wákàtí kan, inú ọkọ̀ gbóná ju ìta lọ ní ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbóná yìí sì wáyé láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́. Ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ní Èkó tí ìta ti máa ń tó ìwọ̀n 31 lọ́sàn-án, ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 50.

Nínú ooru bẹ́ẹ̀, lọ́fínńdà alágolo, oògùn ẹ̀fọn alágolo àti ìṣáná gáàsì lè bẹ́. Pawa báńkì fóònù lè wú, kó sì gbiná. Ẹ máa mú wọn dání bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Omi mímu inú ọ̀rá tàbí ìgò kò yẹ kó wà nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́. Iye tí ẹ ó mu lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gbé, kí ìyókù padà wọlé lálẹ́. Oògùn náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ló wà lára páálí rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n 30. Insulin tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń gún yóò bàjẹ́ láìyí àwọ̀ padà, ẹ ó rò pé ẹ gún oògùn nígbà tó jẹ́ pé omi lásán lẹ gún. Ara aláìsàn ni kí oògùn rẹ̀ wà, nínú àpò rẹ̀, kó má ṣe wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù jẹ́nẹ́rétọ̀ ni mo fẹ́ kí a bínú sí jù. A ń rà á, a ń gbé e sínú búùtù, a tún ń kó ọmọ iléèwé lọ́nà. Ooru ń mú kí epo wú nínú kẹ́ẹ̀gì, èéfín rẹ̀ ń jáde, ó sì ń gba ẹ̀yìn ìjókòó wọ ibi tí àwọn ọmọ wà. Pátápátá iná kékeré láti ara wáyà kan ló kù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo gbé e, láìsí ọmọ nínú ọkọ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ó sì lọ sí ilé tààrà.

Pátíkúlà àti ọkọ̀ tó ń sùn níta

Ẹ fi pátíkúlà ọkọ̀ sínú àpò ìwé aláìgbomi kan: ìwé àṣẹ ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, ìwé ìbánigbófò, àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí olówó ọkọ̀. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí fóònù ènìyàn méjì nínú ilé. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa kú. Ìbánigbófò tó kéré jù lọ tí òfin gbà, èyí tó ń bá ẹni tí a kọlù gbófò, ti kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti January 2023, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí a bà jẹ́. Ní títì tó há bíi tiwa, níbi tí dígí ọkọ̀ kan ń họ ara ọkọ̀ kejì lójoojúmọ́, ₦15,000 yẹn kò pọ̀.

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ sùn níta, kó sùn lófìfo. Àpò òfìfo lórí ìjókòó kò yàtọ̀ lójú olè sí àpò tó kún fún owó, gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ fọ́ kó tó mọ̀. Àpò pátíkúlà, wáyà fóònù, àwò ojú, àti owó ẹyọ tó wà nínú àlàfo ìjókòó, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Lọ́sàn-án nínú gósílòó Apọ́ngbọ̀n, ẹ má gbé fóònù sórí itan pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí.

Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó tì í

Nínú oṣù December ọdún 2021, wọ́n bá òkú ọmọ mẹ́jọ nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ti pa tì ní àdúgbò Jah-Michael ní Àgbádárìgì. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, títì ni pápá ìṣeré àwọn ọmọ wa, ọkọ̀ tó pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé sì ni ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí nígbà eré bojúbojú. Ọkọ̀ tí a kò tì, ọmọ lè wọ̀ ọ́, kó má sì mọ bí yóò ṣe jáde. Búùtù tó ṣí sílẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí kò sí fèrèsé tí ẹnikẹ́ni yóò fi rí i.

Nítorí náà, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù nígbà gbogbo, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Ọkọ̀ tó ti kú tí a ń dúró de owó àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, torí òun ni ojú kúrò lára rẹ̀ jù. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá há sínú ọkọ̀, iwájú ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n tẹ fèrè, kí wọ́n má sì dákẹ́ títẹ̀ ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fèrè ń dún bí kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀; ẹ dán tiyín wò níṣojú wọn.

Ẹ má fi ọmọ sínú ọkọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ra léèsì kan ní Balógun. Kò sí ẹni tó ń ra léèsì kan ní Balógun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tó ti sùn lọ lẹ́yìn, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ni àwọn òbí tó rẹ̀ ti máa ń gbàgbé, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹni tí kì í sábà gbé ọmọ lọ síléèwé bá gbé e. Ẹ fi àpò ọwọ́ yín, tàbí bàtà ẹsẹ̀ òsì, sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ẹ kò ní lè rìn jìnnà láìpadà wá mú un.